Ọjọ́ tí bàbá mi jókòó ti kátúùnù

Ọjọ́ tí bàbá mi sunkún nídìí kátúùnù ni mo pinnu pé mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ohun tí mò ń wò.

Ẹ fa àga yín súnmọ́ bí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì ní gé e kúrú.

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé mi láti ọjọ́ pípẹ́ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí ayélujára. Mo máa ń wo fíìmù, màá wá fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín nínú fídíò. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé fún bí ọdún mẹ́rin, ìdajì ohun tí mò ń wò ni mo ń fi pamọ́. Ní yunifásítì, màá ti earpiece bọ etí, màá kọjú sí ògiri. Tí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá bá bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, màá ní fíìmù Kòríà ni. Fíìmù Kòríà ò ní ìtìjú nínú, àgbà ló ń wo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ Inside Out ni mò ń wò, ìgbà kẹta rèé.

Nígbà tí mò ń sìnrú ìlú, bọ̀bọ́ kan bi mí pé fíìmù wo ni mo fẹ́ràn jù láyé. Mo dárúkọ fíìmù òyìnbó kan báyìí, ti àwọn adigunjalè, tí mi ò wò dé ìdajì rí. Òun ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló wá sọ ọ́ di orúkọ fún mi. Wọ́n wọlé bá mi lọ́jọ́ kan tí mò ń wo Coco, omi lójú, ikun nímú. Wọ́n rò pé ẹnì kan ló kú. Ìgbà tí wọ́n yọjú wo láàpùtọ́ọ̀pù tí wọ́n rí eegun tó ń ta gìtá, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Háà! Àṣàkẹ́! Ọmọ ọdún méjìlélógún! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pọn ọmọ, ìwọ ń bá kátúùnù sunkún." Màmá mi wà nílé ìdáná, wọ́n kàn dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre, ojú rẹ̀ ló fi ń wò ó." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Oníkátúùnù lorúkọ mi nínú ẹbí. Tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, "Oníkátúùnù, ọkọ ńkọ́?" ni ìkíni.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ọmọdé ló ni í? Èmi rò pé àkókò tí wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ló fa á. Lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà táwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìròyìn dé, ó di ti àgbà nìyẹn. Àwọn tó ń ta CD ní Dùgbẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ọmọlangidi ni wọ́n máa ń tò ó sí. Kò sẹ́ni tó jókòó wò ó kó tó dá a lẹ́jọ́.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Níbi ẹ̀bùn Oscar ọdún 2022, àwọn tó wá kéde ẹ̀bùn kátúùnù ń ṣe àwàdà pé ohun táwọn ọmọ ń wò ní àwòtúnwò ni, táwọn òbí ń fara dà á. Ó bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Guillermo del Toro gba ẹ̀bùn yẹn nítorí Pinocchio tirẹ̀, ó sì sọ lórí pèpéle pé sinimá ni animation. Pinocchio ọ̀hún, Ítálì ìgbà ayé Mussolini ló gbé e sí. Ọmọlangidi onígi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ogun àti ikú náà wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo Grave of the Fireflies tí Isao Takahata ṣe ní Japan lọ́dún 1988. Ọmọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, bọ́ǹbù ti pa ìyá wọn, ebi ń pa wọ́n kiri. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù gan-an ni wọ́n ti jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọkùnrin náà kú. Aládùúgbò wa kan bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n fún àwọn ní kátúùnù tí àwọn máa fi tan àwọn ọmọ jókòó kí àwọn lè ráyè dáná. Mo ṣí ibi tí mo kó wọn sí, ojú mi bá èyí, mo yára kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ti ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, ẹ fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ìyẹn wò, kẹ́ ẹ wá fàbọ̀ jẹ́ mi.

Nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá lọ lo ọlidé ní Ìsẹ́yìn, ìyá màmá mi ló máa ń pàlọ́ fún wa. Ìjàpá lọ sílé àna, ó jí àsáró gbígbóná, ó bù ú sínú fìlà, ó dé e mọ́rí. Ta ló ń rẹ́rìn-ín jù? Ìyá àgbà fúnra wọn ni. Àwa ọmọ ń gberin, àwọn lomi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n á fi ìṣẹ́tí ìró nù ún. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọkọ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wọn níwà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwa ń rí Ìjàpá, wọ́n ń rí àna. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n fi ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá nǹkan àgbà ṣe.

Mi ò ní gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ọ̀pọ̀ ariwo lásán ni, orin mẹ́wàá, ọgbọ́n kankan ò sí níbẹ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún yín, lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán tí iṣẹ́ ò sí, mo máa ń wo márùn-ún lóòjọ́ láìwẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ fíìmù. Mò ń sá fún ayé ni. Mo mọ ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ bàbá mi.

Tẹ́lọ̀ ni wọ́n, n'Íbàdàn níbí. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, iṣẹ́ wọn mọ́. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Màmá mi kú ní 2022. Mi ò ní sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. A sin wọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀, àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà, bàbá mi ò dárúkọ màmá mi mọ́. Tẹ́lẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa jókòó sídìí ẹ̀rọ tí Haruna Ishola ò ní máa kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n pa á. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan là ń gbọ́. Mo kó padà wálé torí pé orí fóònù àti láàpùtọ́ọ̀pù niṣẹ́ tèmi wà, mo lè ṣe é níbikíbi. Mo rò pé màá máa bá wọn sọ̀rọ̀. Irọ́. A máa ń kíra wa láàárọ̀, mo máa ń gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á ní "Ọlọ́run á fún ẹ ṣe," ó parí. Ó ju ọdún kan lọ tá a fi wà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò mọ ibi tí èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2023, iná ọba lọ. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn, láàpùtọ́ọ̀pù mi ṣì ní iná díẹ̀ lára, mo fi Up sí i, èyí tí Pete Docter ṣe ní 2009. Bàbá mi jáde láti yàrá, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì. Tọ́ọ̀ṣì wọn ti kú.

"Àṣàkẹ́, jẹ́ n fi iná ẹ̀rọ rẹ yìí ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ náà. "Kátúùnù náà tún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní "Hmm."

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: Carl àti Ellie pàdé ní kékeré. Ọmọbìnrin náà ló lẹ́nu, ọkùnrin náà ò lè sọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n dàgbà, wọ́n fẹ́ra. Lẹ́yìn náà, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Orin ìlù òyìnbó nìkan ló ń lọ, ẹ ó sì rí gbogbo ìgbéyàwó wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Bàbá mi ò gbọ́ òyìnbó dáadáa. Fíìmù òyìnbó yòówù ká jọ máa wò, wọ́n á ní kí n máa túmọ̀, á sú wọn, wọ́n á dìde. Níbi eléyìí, kò sí ohun tí mo fẹ́ túmọ̀.

Àga ni wọ́n kọ́kọ́ rí. "Wò ó. Àga ọkọ onígun mẹ́rin. Ti ìyàwó róbótó." Mo ti wo fíìmù yẹn tó ìgbà mẹ́fà, mi ò kíyè sí i rí! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé àwọn tó yà á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan Carl onígun, ti Ellie róbótó. Tẹ́lọ̀ ni bàbá mi. Kẹ́ ẹ tó kí wọn tán, wọ́n ti mọ bí èjìká yín ṣe fẹ̀ tó.

Ó dé ibi tí Carl àti Ellie ti ń kun yàrá ọmọ. Wọ́n kun ún, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lójijì, wọ́n wà ní ọ́fíìsì dókítà, Ellie dorí kodò, ó fọwọ́ bojú. Bàbá mi mí kanlẹ̀.

"Ọdún méje làwa lò bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ọdún méje. Kí ìwọ tó dé." Ojú wọn ò kúrò lára fíìmù. "Àwọn èèyàn mi ní kí n fẹ́ ẹlòmíì. Ìyá rẹ gbọ́ o. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bi mí léèrè lọ́jọ́ kan."

Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, tí mo ti ń gbé ilé yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Mi ò mọ ohun tí mo lè fèsì. Mo fẹ́ dá fíìmù dúró, mo bẹ̀rù pé tí mo bá dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà á dúró. Mo fi í sílẹ̀ kó máa lọ.

Ìgbà yẹn ni ìgò owó jáde. Ibì kan wà tó ń wu Ellie láti lọ láti kékeré, lẹ́bàá omi ńlá kan tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní South America. Òun àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó sínú ìgò.

"Kóló nìyẹn," bàbá mi wí.

Táyà ọkọ̀ jò, wọ́n fọ́ kóló. Ọkọ dá lẹ́sẹ̀, wọ́n fọ́ kóló. Igi wó lu òrùlé, wọ́n fọ́ kóló. Ní gbogbo ìgbà tí òòlù bá bà á, bàbá mi á mi orí.

Màmá mi ní kóló. Onígi ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà, owó Mẹ́kà ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á di Àlájà kí àwọn tó pé ọgọ́ta ọdún. Wọ́n fọ́ ọ nígbà tí ìjì ká páànù ilé wa. Wọ́n ra òmíì. Wọ́n tún fọ́ ọ nígbà tó ku díẹ̀ kí owó ilé ìwé mi pé, tí wọ́n ní a ò ní ṣe ìdánwò. Mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo di kóló mú, màmá mi lo òòlù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Di í mú dáadáa, Mẹ́kà ò ní sá lọ."

Nínú fíìmù, Carl wá rántí nígbà tí wọ́n ti darúgbó. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ fi ṣe ìyàwó rẹ̀ ní kàyéfì lórí òkè kan tí wọ́n ti máa ń gba afẹ́fẹ́. Ellie ń gun òkè náà bọ̀, ó ṣubú.

Mo gbọ́ ohùn kan, mo kọ́kọ́ rò pé láti ara ẹ̀rọ ni. Bàbá mi ni. Wọn ò bojú, wọn ò nu omi náà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òwú ò tíì wọ̀ ọ́. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ wọn kó má baà gún wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Dá a padà."

"Síbo, sà?"

"Síbi tí wọ́n ti fẹ́ra wọn."

A wo ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀mejì sí i, iná láàpùtọ́ọ̀pù tán. A ò tíì dé ibi tí ilé ti fò. A wà nínú òkùnkùn, bàbá mi wá dárúkọ màmá mi. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe pàdé wọn. Wọ́n sọ ti aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán fún wọn tó há wọn lápá, tí màmá mi sì wọ̀ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀, torí kò fẹ́ dójú tì wọ́n. Wọ́n sọ ti ọdún méje náà, mi ò lè kọ ìyẹn síbí. Wọ́n pe ìrun Àsùbáà bá wa níbẹ̀.

Mo ti rò ó títí pé kí ló dé tó fi jẹ́ kátúùnù ló ṣe é. A ti jọ wo fíìmù Yorùbá tí ọkọ ti kú, tí ìyàwó ti kú. Bàbá mi á ní, "Ṣebí ọkùnrin yìí ló kú nínú èyí tá a wò lánàá?" Wọ́n mọ òṣèré náà, wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ sílé rẹ̀ lọ jẹun. Ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ yà, kò ní ilé tó ń lọ. Carl ò kú nínú fíìmù míì rí. Orí rẹ̀ dà bí àpótí, kò jọ ẹnì kankan tá a mọ̀, bàbá mi sì ráyè jókòó sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a wo ìyókù. Ibì kan wà tí Carl ṣí ìwé tí Ellie fi ń ṣàkójọ àwọn nǹkan tó fẹ́ ṣe. Ó rò pé òfìfo ni ìyókù ìwé náà, ó wá rí i pé fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni obìnrin náà lẹ̀ kún un. Bàbá mi dìde wọ yàrá. Mo ní wọ́n tún fẹ́ lọ sunkún. Wọ́n gbé àlíbọ́ọ̀mù jáde, wọ́n nu eruku orí rẹ̀, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn kí àwọn ráyè tẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà a ti wò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà fún. Iwájú tí àwọn ọmọ Kugali bá Disney ṣe ní 2024, torí pé Èkó ni, mo rò pé inú wọn á dùn yàtọ̀. Wọ́n wo ọkọ̀ tó ń fò lókè Èkó, wọ́n ní, "Ọkọ̀ ń fò, gosló ò tíì tán?" Nígbà tá a wo Inside Out, inú ń bí wọn sí Joy tó fi ẹfun fa róbótó sílẹ̀, tó ní kí Sadness dúró sínú rẹ̀. "Kí ni ọmọ yẹn ṣe fún wọn?" Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta.

Àǹtí mi wá kí wa nígbà Iléyá. Wọ́n bá àwa méjèèjì nídìí láàpùtọ́ọ̀pù. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin náà?" Bàbá mi ò gbójú sókè. "Jókòó. O ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fọ́ kóló." Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ọ́fíìsì dókítà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń yí òrùka ọwọ́ wọn. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Ó dàbọ̀, Àṣàkẹ́."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Haruna Ishola ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn méjì àti bàbá tó ń ṣe bàtà lódìkejì jókòó yí wọn ká, wọ́n ń sọ Up fún wọn. Wọ́n ti dé ibi tí Carl ti so bàlúùnù rẹpẹtẹ mọ́ ilé tí ilé sì gbéra sókè. Bàbá oníbàtà ní irọ́ ni. Wọ́n ní òótọ́ ni, kí ó bi mí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní, "Bàbá, ìyàwó rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé ó padà dé ibi tó fẹ́ lọ?"

Bàbá mi gé òwú ẹnu aṣọ náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n.

"Ó dé ibẹ̀. Ó dé Mẹ́kà. Ó di Àlájà."

Mo gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.